Ẹ mú ọkọ̀ yẹn wálé, ìyá mi

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ni lẹ́tà tí mo ń dá lóhùn lọ́sẹ̀ yìí ti wá. Ìyá ẹni ọdún 66 kan ló kọ ọ́, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ra Mazda MX-5 pupa kan ní Kútọ̀nù, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ tó ti Yúróòpù dé. Oníjókòó méjì ni, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ọdún 2003 ni wọ́n sì ṣe é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ọgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Wàńdó ló ń gbé e sí, lábẹ́ igi máńgòrò. Orúkọ ọ̀rẹ́ yìí náà ló wà lórí kátì gíríìsì, ìyẹn ìwé ọkọ̀. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, tí ojú títì ti dá, á ká òrùlé, á wà á dé Sakété, á sì yí padà. Àkọ́bí rẹ̀ ti wá gbọ́, wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ó ń dójú ti àwọn. Àbúrò ìyá náà ọkùnrin tó wà ní Kétu sọ pé owó tó yẹ kí wọ́n fi kan òrùlé agboolé ló fi ra ohun ìṣeré. Ìbéèrè tó bi mí rèé: "Ṣé kí n tà á kí ọkàn gbogbo wọn lè balẹ̀? Àbí orí mi ló ti ń dàrú?"

Ìyá mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Orí yín kò dàrú rárá. Ẹ má tà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí ni aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn.

Ẹ kọ ọ́ pé bí ẹ bá ti kúrò láàárín ìlú, tí ẹ ti yí jíà sí ẹ̀kẹta, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí yín létí, ẹ̀yin nìkan á kàn máa rẹ́rìn-ín. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ẹ ti ń tọrọ àforíjì. Ta ni ẹ ń bẹ̀? Ní Chicago ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí han aráyé, ní 1989. Kì í ṣe eré àsápajúdé ni àwọn ará Japan tó ṣe é ń lé. Wọ́n jẹ́ kó fúyẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,100 kílò lọ, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ẹni tó ń wà á sì ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń yà àti bó ṣe ń dúró. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì mìíràn tó tà tó o láyé. Ẹ̀rín tí ẹ ń rín lórí eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, òun gan-an ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún.

Ẹ tún sọ pé ẹ ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, pé ìdajì Àjàṣẹ́ ni ẹ gbẹ̀bí fún, nítorí náà ó tó kí ẹ sinmi. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ẹ má fi í rojọ́ níwájú wọn. Ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ tó ti ṣe kí wọ́n tó gbà á láyè láti yọ̀ ti gbà pé àwọn ló ni àyè náà. Owó ìfẹ̀yìntì yín ni, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ohun tó wuni ni í sì í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ní ti ọjọ́ orí, òṣèré ará Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, wà lára àwọn awakọ̀ tó gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí tiwọn nínú eré ìje oníwákàtí 24 ti Daytona ní 1995. Ẹni 70 ọdún ni nígbà náà. N kò ní kí ẹ lọ bá wọn sáré. Ojú, eékún àti làákàyè la fi ń mọ ẹni tó ṣì lè wakọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣeé yẹ̀ wò.

Ojú ni mo fẹ́ gùn lé. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ẹyinjú lóru kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń wọ ti ọmọ ogún ọdún. Ọmọlójú ti kéré sí i, inú ẹyinjú kò sì mọ́ gaara bíi tàtijọ́, kódà lójú tí kò ní àrùn kankan. Bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padà ríran. Ọkọ̀ yín wá lọ sílẹ̀ débi pé iná akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Pọ́bẹ̀ á máa bọ́ sí yín lójú gan-an, ẹni tó wà lórí akẹ́rù náà kò sì ní tètè rí yín. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn jù mí lọ: zém, ìyẹn ọ̀kadà, tí kò tan iná, ìyá tó ru ẹrù tó ń rìn létí títì, ewúrẹ́ tó sùn sórí ọ̀dà nítorí pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, akẹ́rù tó bàjẹ́ tó jẹ́ pé ewé tútù tí wọ́n já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ìkìlọ̀ tó wà. Bí táyà yín bá bẹ́ kí ẹ tó dé Sakété, ta ló mọ̀ pé ẹ jáde? Àkọ́bí yín rò pé ẹ ti sùn.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ yín. Ọmọbìnrin tó bá fi oyún pa mọ́, kì í ṣe oyún náà gan-an ló ń fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò lọ ṣe ni, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí ni, òru tó tó sá wá ilé ìwòsàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ṣe rí lójú mi. Ìtìjú ló lé yín sínú òkùnkùn, inú òkùnkùn yẹn sì ni ewu wà. Ẹ máa wà á ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí gbogbo Wàńdó rí yín. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ dúró kí kùrukùru ká ná.

Kí ẹ tó tún jókòó sínú rẹ̀ o, ẹ lọ rí dókítà ojú. Ẹ má kàn gba awò ìkàwé kí ẹ padà sílé. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ẹyinjú yín, nítorí àrùn tí wọ́n ń pè ní glaucome wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀, kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ìríran ló sì kọ́kọ́ máa ń jí gbé. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni zém máa ń gbà yọ sí èèyàn. Bí dókítà bá sọ pé ojú yín kò gbà á mọ́, ìgbà náà ni kí ẹ tà á, n kò sì ní bá yín jiyàn.

Ìwé ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ wà bó ṣe wà. Ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ olóòótọ́ títí ayé, ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa jogún ọkọ̀ yín. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò á bèèrè ẹni tó ni ọkọ̀, ẹ ó sì máa wá àlàyé nígbà tí ẹlòmíràn ń wá owó ìtọ́jú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ANaTT, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà ojú títì, kí ẹ yí kátì gíríìsì sí orúkọ ara yín, kí ẹ sì tún ti ìdójútòfò ṣe pẹ̀lú.

Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ máńgòrò yẹn náà. Lẹ́yìn àga méjèèjì, níbi tí aṣọ òrùlé ti pàdé ara ọkọ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́tùn-ún àti lósì tí omi òjò ń gbà jáde sábẹ́. Ewé àti òdòdó máńgòrò á dí wọn pa, omi á wá dúró sínú irin tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, á máa dógùn-ún láti inú wá. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i níta, irin náà ti tán. Òun ló ń pa ọ̀pọ̀ MX-5, ju ẹ́ńjìnnì lọ. Kí mẹkáníìkì fi ike rírọ̀ la ihò méjèèjì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kó wo bẹ́líìtì rọ́bà tó ń darí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2312 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kó dára lójú tó, ẹ sọ ọ́ nù, pàápàá fún ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì, nítorí ó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì da kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò, sí i. Ilé epo ni kí ẹ ti máa ra epo rẹ̀.

Ẹ ní eékún ń dùn yín bí ẹ bá fẹ́ jáde. Ẹ máa ká òrùlé ná, kí ẹ ti àga sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ yí ara padà títí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi wà nílẹ̀, kí ẹ tó fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ìdí ni kó kọ́kọ́ jókòó, kí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Eékún òsì tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ máa ṣọ́: bó bá di ìrora, ẹ sinmi lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku àwọn èèyàn yín. Ọmọ yín obìnrin ń bẹ̀rù ẹnu ayé, pé wọ́n á ní ọkùnrin kan ló ra ọkọ̀ fún yín. Obìnrin tó ń yọ́ jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n á sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí iwájú ilé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sú wọn láàárín oṣù kan.

Ti àbúrò yín ní Kétu ló gba ìdáhùn gidi, nítorí òrùlé tó ń jò kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹ bi í pé eélòó ni gbogbo iṣẹ́ náà, ọmọ ilé mélòó ló sì máa dá a. Ẹ san ìpín yín pé, kíákíá, iye tí ẹ máa san ká ní ẹ kò ra ọkọ̀ kankan. Bí owó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, tó sì tinú yín wá, ẹ fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí wọ́n gbé ọkọ̀ àti òrùlé sórí òṣùwọ̀n kan náà, torí bí ẹ bá tà á, kàǹga ló kàn, lẹ́yìn kàǹga, ògiri.

Bí wọ́n bá bi yín ní ìpàdé pé kí ló dé tí ẹ fi rà á, ẹ sọ pé: "Ó wù mí." Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ohun tí ẹ máa tọrọ àforíjì fún ni pé ẹ fi í pa mọ́ fún wọn, ìyẹn tọ́ sí wọn.

Àkọ́bí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, kí ìpàdé tó dé. Ẹ má tíì fi àwọn ọmọọmọ kéékèèké síbẹ̀, nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tó wà níwájú àga yẹn lè ṣe ọmọdé léṣe. Ẹ pè é ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ẹ fi èsì dókítà ojú hàn án, ẹ ní kó de bẹ́líìtì, kí ẹ wà á lọ sí Sakété. Kó rí bí ẹ ṣe ń wà á pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀ kí òun wà á. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, àlọ jẹ́ tiyín.