Ojú pípọ́n lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín: ẹ má tètè gbà pé Àpólò ni

Okun o. Arábìnrin tó kọ̀wé láti Ìsánlú, mo ka ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò yín gba kíndìnrín ní Íńdíà, ojú rẹ̀ kan pọ́n, ó ń ríran bàìbàì, wọ́n ní Àpólò ni. Ẹ wá ń béèrè bóyá oògùn kíndìnrín ló fà á, kó dá a dúró. Kó má dá a dúró o! Màá padà síbẹ̀.

Ọmọ mi ni tèmi: wọ́n pè é ní Àpólò, àmọ́ PTLD ni, ìyẹn àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń pọ̀ jù, tó sì lè di kókó tàbí jẹjẹrẹ, lára ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún. Kíndìnrín èmi ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi sí i lára. Ọdún ò tíì yípo tí ojú rẹ̀ òsì fi pọ́n, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ní Kàbà kò tilẹ̀ tan iná sí i lójú, ó ní Àpólò. Àpólò wo ni kì í ràn ará ilé, tí kò ní ìpin, tó ń lo oṣù? Ẹnìkejì fún un ní oògùn ìkán-sójú tó ní steroid, èyí tó máa ń mú wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀. Ojú mọ́, a tiẹ̀ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe kúrò lórí oògùn, ó tún dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Steroid máa ń mú irú àìsàn yìí rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kì í wò ó.

Nígbà tó yá, kókó kan tó funfun díẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlójú. Dókítà ojú ní kí n lọ bá ti kíndìnrín. Ti kíndìnrín ní creatinine ọmọ, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ kíndìnrín hàn, dára, ojú kì í ṣe iṣẹ́ òun. Bí orogún méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń rán èmi àti ọmọ síra wọn, ní ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà yẹn, láàárín tírélà sìmẹ́ńtì. Kò sí èyí tó gbé fóònù pe ìkejì rẹ̀ nínú wọn! Àgbà dókítà kan ní Ìlọrin ló fọwọ́ tẹ ọrùn ọmọ, ó bá kókó níbẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ó jókòó sí láàbù, wọ́n ní kẹ́míkà tán, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi àfi ìgbà tí mo lọ pariwo. Èmi ni mo gba ẹran náà nínú ìda tí wọ́n dì í sí, mo gbé e lọ sí Èkó fúnra mi.

PTLD ni wọ́n pè é. Oògùn tí kò jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín ti sọ àwọn ọmọ ogun ara di aláìlágbára. Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr (EBV), èyí tí wọ́n rí ní 1964 nínú jẹjẹrẹ àgbọ̀n àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà, wà lára ọ̀pọ̀ wa láti kékeré láìṣe wá ní nǹkan. Bí kò bá ti sí ẹni tó ń ká a lọ́wọ́ kò, ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní B á máa pọ̀ ṣáá. Ọmọ mi kò ní fáírọ́ọ̀sì náà tẹ́lẹ̀. Èmi ní in. Wọ́n ní ó jọ pé inú kíndìnrín mi ló bá wọlé. Ọrùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń mú, ti ojú ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rò ó.

Ìtọ́jú? Wọ́n dín tacrolimus kù, wọ́n yọ mycophenolate (àwọn méjèèjì ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín), wọ́n fa rituximab, oògùn tó ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun B, sí i lára lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ. Ojú rẹ̀ ń ríran, kò kàn tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ìtọ̀ tàbí omi ọmú sí i lójú, irú ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Àgbo náà, rárá. Kódà oògùn apakòkòrò bíi erythromycin tàbí fluconazole lásán lè mú tacrolimus ga jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ti ìbéèrè yín: dókítà ló ń dín oògùn kíndìnrín yẹn kù, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àbúrò yín bá dá a dúró fúnra rẹ̀, ara lè kọ kíndìnrín náà. Ó sì lè má jẹ́ PTLD, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n ń pè ní CMV náà ń fọ́ni lójú, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún EBV àti CMV. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn rẹ̀ dání. Lálẹ́ yìí, ẹ fọwọ́ tẹ ọrùn, abíyá àti ibi tí ìtan rẹ̀ ti so mọ́ ikùn. Bí kókó bá wà, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì.