Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ìjà Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ lóṣù yìí dá lórí ogun ilẹ̀ òkèèrè: Sudan, Ukraine, àti àwọn ṣọ́jà tó ń dìtẹ̀ gbàjọba ní àdúgbò wa. A mú márùn-ún nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ogun àgbáyé kẹta ti dé tán, ẹ jọ̀ọ́, a kì í ṣe aríran.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kí ló dé tí òfin àgbáyé fi ní kí kálukú máa wo ilé rẹ̀? — Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé, Olùkọ́. Òfin kò ní kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ìbọn ni kò fẹ́ kí ẹ gbé wọlé onílé. Abala 2, ìlà 4 nínú ìwé tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945 ló ka á léèwọ̀. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Kí ìjọba tó ni ilẹ̀ pè yín fúnra rẹ̀. Tàbí kí wọ́n ti kọlu ẹ̀yin tàbí alájọṣe yín, kí ẹ wá gbèjà, ìyẹn Abala 51. Tàbí kí Ìgbìmọ̀ Ààbò fọwọ́ sí i. Ọmọ ìgbìmọ̀ náà jẹ́ 15. Ó kéré tán, 9 gbọ́dọ̀ gbà, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó kọ̀ nínú Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. Ọ̀nà ìkẹyìn yìí ló máa ń há jù. Tí ẹyọ kan nínú àwọn márùn-ún yẹn bá ti ní ọ̀rẹ́ nínú ìjà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àwa ará Áfíríkà fi tiwa kún un. Ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní 2000, Abala 4(h), gba àjọ náà láyè láti wọ ìlú tí ìpakúpa ẹ̀yà tàbí ìwà ọ̀daràn ogun bá ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí ojú rí ní Rùwáńdà ló wà lẹ́yìn abala yẹn. Ní April 1994, tí wọ́n ti ń pa àwọn Tutsi ní gbangba, ṣe ni Ìgbìmọ̀ Ààbò pàṣẹ pé kí wọ́n dín àwọn ọmọ ogun àlàáfíà tó wà níbẹ̀, tó tó bí 2,500, kù sí 270. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ènìyàn bí 800,000 ti lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹnikẹ́ni má dá sí ogun ẹlòmíràn láéláé, ẹ ní kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná.

Bàbá mi wà lára àwọn ṣọ́jà ECOMOG tó lọ Làìbéríà. Kí ló dé tí tiwọn fi gba ọdún méje, tí ti Gáḿbíà sì parí láàárín ọjọ́ mélòó kan? — Ọmọ ṣọ́jà, Ṣàgámù

Ẹ bá wa kí Bàbá. Kì í ṣe pé ọkàn àwọn ṣọ́jà tiwọn kò le tó. Ètò tó yẹ kó ṣáájú ìrìn ni kò sí.

Ogun Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní December 1989. Ní August 1990, ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó jọ, dé èbúté Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, pẹ̀lú ọmọ ogun bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láti Nàìjíríà, Gánà, Gínì, Sàró àti Gáḿbíà. Wọ́n ní àwọn wá ṣọ́ àlàáfíà, àlàáfíà kan kò sì sí nílẹ̀ tí wọn yóò ṣọ́. Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà kí wọ́n wá, ìbọn ló sì fi pàdé wọn. Ìyẹn ni àṣìṣe kìíní: ẹni tó ń bọ̀ wá jà àti ẹni tó ń bọ̀ wá ṣọ́, ohun ìjà wọn kò dọ́gba, iye wọn kò sì dọ́gba.

Èkejì, ECOWAS fúnra rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Côte d'Ivoire àti Burkina Faso ń ṣe ti Taylor, Côte d'Ivoire sì bá Làìbéríà pààlà. Bí ECOMOG ti ń ti èbúté pa, ìbọn ń gba inú igbó wọlé. Ní September 9, 1990, Ààrẹ Samuel Doe wá sí ibùdó ECOMOG. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, ti mú un lọ tí wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà gba ipò ọ̀gá, tí iṣẹ́ ìṣọ́ sì di ogun jíjà. Ṣọ́jà tó bá pẹ́ jù nílẹ̀ onílẹ̀ tí owó oṣù rẹ̀ kò sì bọ́ sákòókò, ẹ mọ ohun tí yóò máa ṣe. Àwọn ará Monrovia sọ orúkọ ECOMOG di ẹ̀fẹ̀: wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó ṣeé gbé ni wọ́n ti gbé lọ.

Owó sì ńkọ́? Bó bá jẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló rán ṣọ́jà, ó ń san ju 1,400 dọ́là lọ lóṣù lórí ṣọ́jà kan fún ìjọba tó kó wọn wá. Fún ECOMOG, àpò Nàìjíríà ni èyí tó pọ̀ jù ti jáde. Ní 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ pé ó ti tó bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Nígbà tí wọ́n sì dìbò ní July 1997, Taylor náà ló wọlé.

Ẹ wá wo Gáḿbíà. Wọ́n ti dìbò ní December 1, 2016, Adama Barrow ló wọlé. Yahya Jammeh, ààrẹ tó wà lórí àga, kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà. Ẹni tó pe ECOWAS hàn kedere: Barrow ni, ìbò ló sì gbé e wọlé. Senegal yí ilẹ̀ náà ká ní ìhà mẹ́ta, kò sì sí aládùúgbò tí yóò máa kó ìbọn wọlé fún Jammeh. Ní January 19, 2017, wọ́n búra fún Barrow ní ilé aṣojú Gáḿbíà ní Dakar, àwọn ọmọ ogun wọlé lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà sì ń fò lókè Banjul. Olórí ọmọ ogun Gáḿbíà fúnra rẹ̀ ti ní òun kò ní jà. Ní January 21, Jammeh ti wọkọ̀ lọ.

Líbíà ni ti ẹni tó wọlé tán tó yí iṣẹ́ padà. Ìpinnu tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ṣe ní March 2011 (nọ́ńbà rẹ̀ ni 1973), tí Nàìjíríà dìbò fún, ní kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú. Àwọn tó wọlé náà bá a dé bíbì Gaddafi, olórí ìlú náà, ṣubú, kò sì sí ẹni tó pèsè sílẹ̀ láti ṣọ́ àká ìbọn rẹ̀. Ìbọn náà dé Mali lọ́dún kejì.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ rán ṣọ́jà lọ síbì kan, ẹ béèrè ta ló pè wọ́n, ṣé gbogbo ẹni tó bá ibẹ̀ pààlà ló fọwọ́ sí i, àti ta ni yóò máa sanwó lẹ́yìn oṣù kẹfà. Kí ẹ tún wò ó bóyá iṣẹ́ náà ṣeé sọ ní gbólóhùn kan tí òpin rẹ̀ hàn. "Kí Barrow jókòó sórí àga" ní òpin. "Ká mú àlàáfíà wá" kò ní.

Wọ́n kọ́ wa pé Gẹ̀ẹ́sì ló gba Ìkòròdú lọ́wọ́ ogun Ẹ̀gbá. Ṣé ìyẹn kì í ṣe oore? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkòròdú

Ó gba ìlú yín là, òtítọ́ ni. Nígbà ogun Ìjàyè, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wà lápá kan, Ìbàdàn wà lápá kejì. Rẹ́mọ ṣí ọ̀nà fún Ìbàdàn, ọ̀nà Ìkòròdú sì ni ẹ̀tù àti ìbọn ń gbà gòkè. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbá fi dó ti ìlú náà. Ní March 29, 1865, Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kó àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní West India àti àwọn ṣọ́jà Hausa rẹ̀ wá láti Èkó, ó sì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń wá. Òwò Èkó ló ń kú bí ọ̀nà ti dí, nítorí ọ̀nà ló ṣe wá. Ọdún 27 lẹ́yìn náà, nítorí ọ̀nà kan náà, ìjọba Èkó kan náà gbé ìbọn Maxim láti Ẹ̀pẹ́, ó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn ní May 19, 1892, ó sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí Rẹ́mọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1865 ni ẹni tó jókòó lórí gbogbo wa ní 1892. A kò ní kí ìlú tí wọ́n dó tì kọ ìrànlọ́wọ́. Kí ẹ kàn mọ ohun tí olùrànlọ́wọ́ ń wá kó tó dé.

Obì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣàgámù. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà Niger pa ní 2023, ọjà mi dúró. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní dídá sí ìjà? — Ìyá Ọlọ́bì

Òun náà ni, Ìyá wa, láìyìnbọn. Àwọn ṣọ́jà dìtẹ̀ gbàjọba ní Niger ní July 26. Ní July 30, ECOWAS ti bọ́dà, ó sì fún àwọn ṣọ́jà náà ní ọ̀sẹ̀ kan. Nàìjíríà gé iná mànàmáná wọn. Ìpínlẹ̀ méje ló bá Niger pààlà níhìn-ín, ọ̀nà àárín igbó sì pọ̀ ju èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù lè ṣọ́, nítorí náà ẹni tó ń gba ọ̀nà tààrà bíi tiyín ló jìyà jù. Wọ́n tú èyí tó pọ̀ jù nínú ìfòfindè náà ká ní February 2024. Àwọn ṣọ́jà kò kúrò. Ní January 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso fi ECOWAS sílẹ̀. Lójú tiwa, ìhàlẹ̀ ọlọ́sẹ̀ kan tí kò sí ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́ jù.

Ṣé Ààrẹ lè dá rán àwọn ọmọ wa lọ sójú ogun láìbi ẹnikẹ́ni? — Òbí kan, Ìkẹ́nnẹ́

Rárá o. Ìwé òfin 1999, Abala 5, ìlà 4: láìsí àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ṣáájú, ṣọ́jà Nàìjíríà kò gbọdọ̀ lọ jà lẹ́yìn odi. Ìlà 5 fi àyè kan sílẹ̀: bí ewu bá ń bọ̀ kánkán lórí ààbò orílẹ̀-èdè, Ààrẹ lè bá Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó sì rán wọn lọ, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá tọrọ àṣẹ, Ilé náà sì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí kọ̀. Ní August 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ Niger délẹ̀, Ilé náà kò fọwọ́ sí ogun; wọ́n ní kí ECOWAS lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ má kọ lẹ́tà sí wa. Sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Ògùn ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Òun ló ń ṣojú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pa pọ̀. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ti Ìlà-Oòrùn Èkó ni tiyín.