Ṣé aṣòfin lè bi àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ léèrè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ti mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ, a kò sì tíì fojú kàn án. Nígbà tí a tọ aṣojú wa ní Àbújá lọ, ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni, pé àwọn aṣòfin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí? Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀gbọ́n yín láìpẹ́. Òun ni n óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú nítorí wọ́n fura pé ó dá ọ̀ràn gbọ́dọ̀ dé iwájú ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ mìíràn tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ohun tí agbẹjọ́rò yín yóò kọ́kọ́ wádìí ni bóyá àjọ náà ti gba àṣẹ adájọ́ láti fi í sí àtìmọ́lé nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, nítorí àwọn òfin kan, bí èyí tó de ìwà ìgbésùnmọ̀mí, fàyè gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á, kí ó forí lé Ilé Ẹjọ́ Gíga lábẹ́ ìlànà ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009, èyí tó gba ẹlòmíràn láyè láti pẹjọ́ lórúkọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé.

Ní ti ohun tí aṣojú yín sọ, òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Abala 88 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin lágbára láti wádìí iṣẹ́ àjọ ìjọba èyíkéyìí tó ń mú òfin wọn ṣẹ tàbí tó ń ná owó tí wọ́n buwọ́ lù, kí wọ́n lè tú ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá síta. Abala 89 sì gbà wọ́n láyè láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, kí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ gbé e wá bí ó bá kọ̀. Kò sí ibi tí abala méjèèjì ti yọ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ agbára yìí kì í ṣe ti aṣòfin kan ṣoṣo: Ilé gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ìwádìí náà kí ó sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀ tàbí ti ìjọba. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni aṣojú yín ti ṣì í gbọ́.

Ibi tí èrò rẹ̀ ti wá kò ṣòro fún mi láti mọ̀. Lọ́dún 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida tú NSO, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà nígbà náà, ká, ó sì fi òfin kan dá mẹ́ta sílẹ̀ dípò rẹ̀: SSS, tí gbogbo wa ń pè ní DSS, fún ààbò abẹ́lé, NIA fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti DIA fún ọ̀rọ̀ ológun. Kò sí aṣòfin kankan ní Nàìjíríà nígbà náà, nítorí náà olórí ìjọba nìkan ni òfin náà ní kí ọ̀gá SSS àti ti NIA máa jábọ̀ fún. Ìṣèjọba alágbádá dé, òfin náà kò yí padà. Kódà, abala 315 nínú ìwé òfin 1999 tì í pa: ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé méjèèjì àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè tún un ṣe. Èmi gbà pé àbùkù ńlá nìyí lára òfin wa.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2018, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ DSS tó fi nǹkan bojú dí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin ní Àbújá mọ́ àwọn aṣòfin fúnra wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá àjọ ọ̀hún, Lawal Daura, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò tó jẹ́ Adelé Ààrẹ ló yọ ọ́; àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kò ní agbára náà. Lọ́dún tó ṣáájú, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí, NIA sì ní tòun ni. Ẹnì kan tó ta EFCC lólobó ló mú kí wọ́n rí i, kì í ṣe ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan, bẹ́ẹ̀ abala 80 sọ pé owó ìjọba kan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ètò ìṣúná bá dé iwájú wọn ni ó yẹ kí ìbéèrè wọn le jù lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àṣírí lóòótọ́, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn gbọ́ ọ. Láti ọdún 1994 ni òfin ti gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kalẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí àwọn ọmọ ilé aṣòfin ibẹ̀ fi ń bi àwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ léèrè ní ìkọ̀kọ̀. Àṣírí ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí gbogbo ayé yóò gbọ́. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dáhùn rárá.

Nítorí náà, ẹ padà tọ aṣojú yín lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn tí ẹ ti buwọ́ lù, kí ó gbé e síwájú Ilé. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n yín, ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ fojú rí, àti ibi tí ẹ ti wá a dé. Ẹ má fi àhesọ kún un. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò tẹ́lẹ̀: ìlànà Ilé kò gbà kí wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ tó ti wà níwájú adájọ́. Bí agbẹjọ́rò yín bá ti pẹjọ́ fún ìtúsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má béèrè ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin mọ́. Ẹ ní kí wọ́n wádìí bí àjọ náà ṣe ń fi ènìyàn sí àtìmọ́lé, iye ẹni tó wà níbẹ̀ láìfojú ba ilé ẹjọ́, àti owó tí wọ́n ń ná lé e lórí. Ẹ gba ẹ̀dà tí ọ́fíìsì aṣojú yín ti tẹ òǹtẹ̀ lù, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kí ẹ sì fi í pamọ́.