Àwo búlúù tí oòrùn pa mọ́ mi lọ́wọ́

Àbúrò mi ará Kétu, o ní o fẹ́ ra àwo orin Radiohead, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ búlúù, OKNOTOK 1997 2017 tí wọ́n gbé jáde ní 2017, o wá ń bèèrè bóyá àwo aláwọ̀ kì í dún dáadáa tó dúdú. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí tèmi ṣe dé ọwọ́ mi, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹnìkan ní Ẹ́ńgíláǹdì ló tà á fún mi ní 90 yúrò, ìyẹn bíi 59,000 sẹ́fà. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́ tààrà. Odindi ọ̀sẹ̀ méje, n kò gbúròó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa pè mí, wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Kùtọnu. Ọ̀gá aṣọ́bodè tó jókòó níbẹ̀ wo páálí, ó ní àwo mẹ́ta kì í ṣe ti ẹnì kan, ọjà títà ni. Mo ní orin kan náà ló pín sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àpò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Kò gbọ́. Ó ní kí n lọ mú ìwé tí mo fi rà á wá. Mo padà lọ, wọ́n ní ó ti lọ jẹun. Ìgbà kẹta ló tó gba 27,000 sẹ́fà lọ́wọ́ mi, ló bá fi ọ̀bẹ la páálí náà lójú mi, ọ̀bẹ sì gba ara àpò àwo kọjá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Abẹ́ páànù ni wọ́n kó ẹrù sí, nínú oṣù kẹta! Ìwọ náà mọ oòrùn oṣù kẹta. Wọ́n tún to ẹrù wúwo lé e lórí.

Mo délé, mo fà á yọ, ó ń dán bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ, ni abẹ́rẹ́ bá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà: ooru ti mú kí àwo náà wọ́. Àwo bẹ́ẹ̀ ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí mímì yẹn fi ń padà wá.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan ní kí n fi gíláàsì méjì há a, kí n sá a sóòrùn. Mo ṣe é fún àwo kìíní. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́, àmọ́ ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára rẹ̀ ti yọ́, orin ti di ariwo. Má dán an wò láé. Èkejì, inú yàrá ni mo fi gíláàsì há a sí, mo kó ìwé wúwo lé e fún oṣù méjì. Ó sàn díẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ṣe nǹkan kan.

Ní ti ìbéèrè rẹ: rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àwo kò ní àwọ̀ látilẹ̀wá, nǹkan dúdú bí èédú ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tó fi ń dúdú. Aláwọ̀ kan ṣoṣo, bíi búlúù yìí, ń dún dáadáa bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èyí tí wọ́n ya àwòrán sí nínú àti èyí tó ń tàn lókùnkùn ni kó o sá fún, wọ́n máa ń pariwo.

Ṣọ́ra fún ayédèrú náà. Wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ibi tí orin parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà àárín, kó o fi wé ti orí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ń to àwo orin sí. Má sì fi àwo sínú àpò rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní PVC, ó máa ń bu kùrukùru lé e. Ìdúró ni kó o máa to àwọn àwo.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Paris ló ń gbà á fún mi. Ẹni tó tà á á yọ àwo kúrò nínú àpò rẹ̀, á fi sẹ́yìn àpò náà, kí etí àpò má baà ya lọ́nà. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé á gbé e sínú báàgì ọwọ́, lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, torí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi 32 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni KID A MNESIA pupa, àwo Radiohead mìíràn, ti 2021, ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ kò mì rárá.