Ṣé póìǹtì hòtẹ́ẹ̀lì mi lè gbé èmi àti ìyàwó mi lọ sí Èkó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Òṣogbo ni mo ń gbé. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ta oògùn máa ń rán mi lọ sí Ìkẹjà àti Àbújá, hòtẹ́ẹ̀lì Marriott ni wọ́n sì sábà máa ń gbà fún wa. Póìǹtì tí wọ́n ń fún mi nítorí alẹ́ tí mo ń sùn lọ́dọ̀ wọn ti di 58,000, mo wà ní ipele Gold láàárín àwọn oníbàárà wọn, mo sì ti sun alẹ́ 38 lọ́dún yìí. Mo fẹ́ gbé ìyàwó mi jáde fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ìbáà ṣe Èkó tàbí Accra, láìná owó púpọ̀. Ṣé kí n ná póìǹtì yìí ni, àbí kí n fi owó ara mi sun alẹ́ 12 tó kù kó lè pé 50, kí n lè wọ Platinum, ipele tó ga ju Gold lọ, ká lè máa jẹun àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyàwó. Ọ̀rọ̀ Platinum ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi owó ara yín sun alẹ́ kankan nítorí rẹ̀. Bí yàrá tó rọjú jù tí ẹ lè rí bá jẹ́ ₦120,000, alẹ́ 12 ti di ₦1,440,000. Ẹyin, búrẹ́dì àti àkàrà wo ló tó iye yẹn?

Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà ibi iṣẹ́ yín dáadáa. Bí ó bá dájú pé wọ́n ṣì máa rán yín jáde tó alẹ́ mẹ́wàá kí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá tó kọjá, nǹkan yí padà nìyẹn. Alẹ́ téèyàn fi póìǹtì sùn wà lára alẹ́ tí Marriott ń kà. Alẹ́ méjì tí ẹ máa fi póìǹtì sùn pẹ̀lú ìyàwó yín (màá sọ ìdí tó fi jẹ́ méjì láìpẹ́), mẹ́wàá ti ilé-iṣẹ́ lé e, ó pé 50, Platinum sì wọlé láìsí pé ẹ fa kọ́bọ̀ yọ lápò. Ipele náà máa bá yín wọ ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lo Gold tó wà lọ́wọ́. Ó ń fún yín ní póìǹtì àlékún, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ẹ bá sanwó yàrá. Ó lè fún yín ní yàrá tó dára ju èyí tí ẹ gbà lọ, bí ó bá ṣẹ́ kù. Ẹ sì lè kúrò ní aago méjì ọ̀sán, bí àyè bá wà. Kò sí oúnjẹ àárọ̀ nínú rẹ̀. Gold ti Hilton ló ń fúnni lóúnjẹ àárọ̀ lórílẹ̀-èdè wa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á máa bá àwọn ọmọ rìsẹ́pṣàn jà.

Aago méjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Bí ẹ bá wọlé ní ọ̀sán Fúráìdé, tí ẹ sì kúrò ní aago méjì Sọ́ńdè, ẹ ti rí ọjọ́ mẹ́ta nínú alẹ́ méjì. Póìǹtì ló ń san owó yàrá, ipele ló ń fi kún àkókò yín níbẹ̀. Nítorí náà, alẹ́ méjì ni kí ẹ gbà. Wọ́n máa ń fúnni ní alẹ́ karùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́ bí èèyàn bá fi póìǹtì gba márùn-ún léraléra, ṣùgbọ́n póìǹtì yín kò lè gbé e, ẹ sì sọ pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fẹ́.

Ó kù kí a mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ ná póìǹtì náà lọ́jọ́ tí ẹ mú. Ẹ ṣí ápù wọn, ẹ kọ Lagos, ẹ mú ọjọ́, kí ẹ wo iye owó yàrá pẹ̀lú owó orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Use Points sí, kí ẹ wo iye póìǹtì tí yàrá kan náà gbà. Iye yẹn kì í dúró lójú kan, ó ń lọ sókè sódò bí ọjọ́ ṣe rí. Ẹ fi póìǹtì pín owó. Ká ní yàrá jẹ́ ₦300,000 tàbí póìǹtì 25,000: póìǹtì kan dúró fún ₦12. Àwa tá a ń gbani nímọ̀ràn lórí póìǹtì sábà máa ń ka póìǹtì Marriott kan sí nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kan. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ₦10.50 nìyẹn. Ó jọ pé ẹ jèrè.

Ẹ dúró ná. Ní ilẹ̀ wa, oúnjẹ àárọ̀ ẹni kan tàbí ẹni méjì sábà máa ń wà nínú owó yàrá. Yàrá tí a fi póìǹtì gbà lè jẹ́ yàrá lásán. Bí oúnjẹ ẹni méjì bá jẹ́ ₦60,000, ẹ yọ ọ́ kúrò: ₦240,000 ni yàrá gan-an, póìǹtì kan wá di ₦9.60. Bí hòtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà tí àwọn oníṣẹ́ máa ń kún láàárín ọ̀sẹ̀ bá wá já owó rẹ̀ sí ₦200,000 lópin ọ̀sẹ̀, tí póìǹtì rẹ̀ kò sì yí padà, ₦5.60 ló kù fún póìǹtì kan lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó oúnjẹ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí póìǹtì yín sinmi: ẹ sanwó, tàbí kí ẹ wo ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Èrò tèmi ni pé kí ₦9.60 má bà yín lẹ́rù. Owó tí kò jáde lápò olówó oṣù ní ìwúlò tirẹ̀, póìǹtì kì í sì í bí èlé. Mo mọ àwọn tó ń tọ́jú tiwọn de Dubai tí wọn kò ní lọ, iye tí yàrá ń gbà sì ń ga sí i lójú wọn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí àárẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi kó o jọ.

Ní ti Accra, ẹ kò nílò físà: páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún yín ní ọjọ́ 90 lábẹ́ òfin ECOWAS, kí ẹ ṣáà mú yẹ́lò káàdì dání. Accra Marriott sì wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú Kotoka. Ṣùgbọ́n owó bàálù ẹni méjì máa jẹ gbogbo èrè tí póìǹtì mú wá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ póìǹtì di máìlì bàálù, ìyẹn póìǹtì tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà fún tíkẹ́ẹ̀tì, mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. 58,000 yín kò ní ju nǹkan bí 19,000 lọ, ẹ ṣì máa san owó orí tíkẹ́ẹ̀tì. Èkó ni kí ẹ lọ.

Ọkọ̀ tààrà láti Òṣogbo ló yá jù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìrìn náà fúnra rẹ̀ dùn, ẹ wọkọ̀ dé Ìbàdàn, kí ẹ lọ wọ rélùwéè ní Mọ́níyà. Ó ń dúró ní Agége, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìkẹjà. Ilé Fẹlá tí wọ́n sọ di Kalakuta Museum ní 2012 wà ní Gbemisola Street, Ìkẹjà níbẹ̀. Bí ìyàwó yín bá fẹ́ràn àdìrẹ àti àwòrán, Lẹ́kìí ni gálárì ńlá Nike Okundaye wà, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ tí àwa ará Òṣogbo mọ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé Lẹ́kìí àti etí òkun ló wù yín jù, ẹ wo hòtẹ́ẹ̀lì Marriott tó wà ní Victoria Island, nítorí owó táksí láti Ìkẹjà lọ, àbọ̀, lè tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan.

Nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ kọ ọ́ pé èèyàn méjì ni yín, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí ẹ ṣì lè fagi lé e kí póìǹtì lè padà sọ́dọ̀ yín. Inú ápù wọn ni kí ẹ ti gbà á. Yàrá tí èèyàn bá gbà lọ́wọ́ alágbàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà mú póìǹtì wá, wọ́n sì lè má ka ipele yín sí. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹ fóònù hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tọrọ aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè, kí ẹ sì béèrè iye dípósíìtì tí wọ́n máa dì mú lórí káàdì yín. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi póìǹtì sùn pẹ̀lú.

Bí alẹ́ kan bá gba póìǹtì 25,000 bíi ti àpẹẹrẹ mi, nǹkan bí 8,000 ló máa ṣẹ́ kù sí yín lẹ́yìn alẹ́ méjì. Oṣù 24 láìsí ìgbòkègbodò ló ń pa póìǹtì, alẹ́ kan tí ilé-iṣẹ́ bá rán yín sùn yóò sì tún kíkà náà bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ rí i pé ẹni tó ń gba yàrá fún yín níbi iṣẹ́ ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ yín lọ́wọ́, pẹ̀lú orúkọ yín bí ó ṣe wà nínú ápù gan-an.