Ìtẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ ìwé ilẹ̀ bàbá àgbà: kí ló túmọ̀ sí?

Ìbéèrè: "Mo rí ìwé ilẹ̀ kan nínú àpótí bàbá bàbá mi tó ti dolóògbé. Wọ́n tà nínú ilẹ̀ oko wa, ẹ̀dà ìwé títà náà nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìtẹ̀ka aláró ni mo bá níbi tó yẹ kí orúkọ wà, àti gbólóhùn kan pé wọ́n ti ka ìwé náà sí bàbá létí ní Yorùbá, ó sì yé wọn. Àwọn ọmọ ẹni tó ra ilẹ̀ ń sọ báyìí pé gbogbo oko ni bàbá tà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni, pé ìtìjú ni kí ayé mọ̀ pé púrúǹtù ni bàbá. Kí ni àṣà ìtẹ̀ka yìí gan-an?"

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́. Ìtẹ̀ka yẹn àti gbólóhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó máa gba oko yín sílẹ̀.

Kí ìwé tó dé, ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń tà. Ẹbí ló ni ín. Àlejò tó bá fẹ́ dáko á tọrọ, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí títà wá wọ́pọ̀, ohun tó ń fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí owó pé, kí wọ́n fa ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́, kó sì ṣojú àwọn ẹlẹ́rìí. Olórí ẹbí (mọ́gàjí, bó bá jẹ́ Ìbàdàn) gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, àwọn àgbà ẹbí náà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Wọ́n á pa obì, wọ́n á rìn yí ààlà ká, wọ́n á gbin pèrègún síbẹ̀. Títí dòní ni ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ṣì ń gba irú títà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, láìsí bébà kankan. Nítorí náà, bàbá yín mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ sí bébà yẹn, torí èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ nídìí pèrègún ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ìyà yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọba Èkó, Dòsùnmú, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fa igi méjì tó dábùú ara wọn (àmì X, dípò orúkọ) sídìí ìwé tí àwọn òyìnbó kọ, ìwé tó fi Èkó lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi nígbà yẹn, ọba sì fi ẹ̀hónú hàn lẹ́yìn náà pé ipá ni. Ìjọba òyìnbó wá ń tọ́ka sí ìwé yìí pé àwọn làwọn ni ilẹ̀ Èkó. Ìgbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Àpapa, Olóyè Amodu Tijani Olúwa pè wọ́n lẹ́jọ́. Herbert Macaulay bá a dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ọdún 1921 ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ibẹ̀ tó sọ pé ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ọgọ́ta ọdún gbáko lórí igi méjì!

Ẹ wá béèrè ìdí tí bàbá yín kò fi mọ̀wé. Kò ní í ṣe pẹ̀lú orí pípé. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní Badagry ní 1843, ó sì pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé ọwọ́ ìjọ ni ilé-ìwé wà. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ò jẹ́ rán ọmọ lọ, wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò padà délé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen l'Ékòó ní 1923. Owó ilé-ìwé tún wà níbẹ̀, kòkó sì ń fẹ́ ọwọ́ tó máa já a. Ilé tó bá ní ọmọ márùn-ún lè rán ẹyọ kan, àwọn àgbà sì máa ń fi ṣàwàdà pé èyí tó ya ọ̀lẹ lóko ni wọ́n ń rán. Obìnrin ńkọ́? Igbá ọjà ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Ẹni tó tiẹ̀ débẹ̀, wọ́n á ní kó gba orí kọjá kó fi ọwọ́ ọ̀tún kan etí òsì, torí kò sí ìwé ọjọ́ìbí. Bí ọwọ́ ò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ a sì dé, wọ́n á ti mú un lọ sóko.

Ìgbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 456,000 sí 811,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣàdédé gbọ́n lọ́dún kan. Owó ló ti ń dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ohun tí àìmọ̀wé ṣe fún ìran bàbá yín, mo gbà pé inú ilé ló ti burú jù. Lẹ́tà tó bá dé láti Èkó, tíṣà tàbí akọ̀wé tó jókòó nítòsí kóòtù ló máa kà á. Àṣírí ilé di ti ẹni tó ń kàwé. Nínú ẹbí náà, ẹnìkan tó mọ̀wé ló ń di gbogbo ìwé mú, ọ̀pọ̀ ìjà ogún tí mo mọ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ látọwọ́ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú òṣèlú, àwòrán ni wọ́n fi ń wá ìbò: igi ọ̀pẹ ni ti ẹgbẹ́ Action Group, àkùkọ ni ti ẹgbẹ́ NCNC. Ìtẹ̀ka ni a sì fi ń dìbò títí dòní, àti ọ̀jọ̀gbọ́n àti aláìmọ̀wé, kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìtìjú.

Ó ku òfin. Láti ayé òyìnbó ni òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ti wà, àwọn ìpínlẹ̀ wa náà sì ní tiwọn. Ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ lọ́yà, gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀. Èyí dà bí ìgbà tó ń sọ pé ohun tí wọ́n rán òun ni òun kọ, àti pé òun kà á, òun sì ṣàlàyé rẹ̀ kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka. Àwọn adájọ́ tún ti là á pé èdè tí wọ́n fi kọ ìwé ni wọn yóò wò. Bí bàbá yín bá tiẹ̀ ń ka Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn Yorùbá geere, aláìmọ̀wé ni wọ́n níwájú bébà Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà dáadáa. Ta ló kọ ọ́? Àdírẹ́sì rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ṣe ògbufọ̀? Ẹ mú un tọ lọ́yà lọ pẹ̀lú orúkọ àgbà èyíkéyìí tó mọ ibi tí pèrègún wà. Bí orúkọ akọ̀wé ò bá sí níbẹ̀, ìwé náà ò di òkú: àwọn tó fẹ́ fi gba oko lọ́wọ́ yín ni yóò ṣòro fún láti lò ó, ẹ̀yin lè fi gbèjà ara yín.