Silver Shadow tàbí Bentley T: ẹ ka bíréèkì kí ẹ tó ka owó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Rolls-Royce Silver Shadow kan àti Bentley T kan lẹ rí ní Kent, 1973 ni wọ́n ṣe méjèèjì, iye wọn kò sì jìnnà síra, ẹ wá ń béèrè èwo ni kí ẹ rà. Mo ti ní méjèèjì rí. Shadow ni mo kọ́kọ́ rà, òun ló sì là mí lójú.

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Crewe ló ṣe wọ́n, wọ́n jọ jáde lọ́dún 1965, ẹ́ńjìnì V8 kan náà ló ń gbé wọn rìn. Iwájú lẹ ó ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ti Rolls-Royce ga, ó ní igun, ère obìnrin sì dúró lórí rẹ̀, ti Bentley ṣe róbótó létí. Ṣùgbọ́n Bentley ló ṣọ̀wọ́n. T àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe títí di 1977, kò tó 2,000, Shadow ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lé ní 16,000. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa tú iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì Shadow, kí wọ́n fi ti Bentley rọ́pò, kí wọ́n sì bu owó lé e. Ẹ ka nọ́ńbà ṣáásí. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, SRH ló bẹ̀rẹ̀ ti Rolls-Royce, SBH ni ti Bentley. Tẹ́ ẹ bá rí SRH lára ohun tí wọ́n pè ní Bentley, ẹ yáa máa lọ.

Bíréèkì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnì ló ń yí páǹpù méjì tó ń ti ọ́ìlì lọ síbi àgbá kékeré méjì tí wọ́n rọ gáàsì sí, ibẹ̀ ni agbára tó lé ní 2,000 psi á kó jọ sí. Agbára yẹn náà ló ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè tí ẹrù bá pọ̀. Ọ̀dọ̀ Citroën ni wọ́n ti gbàṣẹ ọgbọ́n yìí. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní RR363 ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Mẹkáníìkì kan tí mo gbé Shadow mi fún bu ọ́ìlì aláwọ̀ ewé sí i, irú èyí tí Silver Spirit tó jáde ní 1980 ń lò. Kò sọ fún mi. Kò pẹ́ tí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ fi wú, tí wọ́n sì bàjẹ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Crystal Palace nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi àti ọmọ wa wà lẹ́yìn, bí iná pupa méjèèjì tó ń kìlọ̀ pé agbára bíréèkì ti lọ sílẹ̀ ṣe tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò gbọ́. Bíréèkì ọwọ́ ni mo fi dá a dúró. Títí dòní, àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá dé ibẹ̀. Ó lé ní £7,000 tí mo ná kí wọ́n tó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò.

Nítorí náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì títí iná méjèèjì á fi kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà láì tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá máa tẹ bíréèkì, kí ẹ sì máa kà á. Bentley mi kọjá 40 kí iná tó tàn. Shadow kan tí mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ wò kò tó 5. A kò rà á.

Ẹ mú òòfà dání, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ fi yẹ irin ara ọkọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn (kì í ṣe ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀) àti òkè táyà ẹ̀yìn wò. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, pútì ló wà níbẹ̀. Ara ọkọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù, tó bá ti dógùn-ún nísàlẹ̀, egungun rẹ̀ ló jẹ.

Owó orí ọkọ̀ àti ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà ní London lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, kò kàn yín, tẹ́ ẹ bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́ tó ti lé ní 40 ọdún.

Èyí tó bá ní rísíìtì iṣẹ́ bíréèkì tó péye ni kí ẹ rà, ì báà jẹ́ Shadow. Tí wọ́n bá dọ́gba, Bentley ni tèmi. Shadow ń pe èrò. Bentley, mo lè wà á lọ sọ́jà kí n sì padà sílé ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ sọ fún àwọn tó ń tà wọ́n pé kí wọ́n má tíì tan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ béèrè ìdí.